Ohun Tí Ariwo Katakata Ṣe fún Etí Mi, àti Bí Mo Ṣe Ń Dáàbò Bo Èyí Tí Ó Kù

Mo kọ èyí fún àwọn awakọ̀ katakata, fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, àti fún àwọn obìnrin tí ń dúró ti ẹ̀rọ nígbà tí a bá ń gba hóró àgbàdo kúrò lára ṣùkù ní agbègbè Kétu wa yìí. Etí òsì mi ti bàjẹ́, ti ọ̀tún sì ń tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó fà á, nítorí pé nígbà tí bàbá mi wà ní iye ọdún tí mo wà yìí, ó ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a bá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá kejì. Ariwo ẹ̀rọ ni. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú ariwo náà kò pọn dandan: páìpù tí ó lu, irin tí ó dẹ̀, àti iná tí a ń tẹ̀ ju bí iṣẹ́ ṣe béèrè lọ ni ó ń mú un wá.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tí ó ní Massey Ferguson àtijọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Katakata náà kò ní ilé lórí, nítorí náà òòrùn, eruku àti ariwo ni awakọ̀ ń bá jókòó. Lára páìpù èéfín rẹ̀ ni agolo kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù kí ó tó jáde. Àwọn mẹkaníìkì wa tí ó kọ́ṣẹ́ ní Kútọnu ń pè é ní silencieux, àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ ní òdìkejì bodè, ní Nàìjíríà, ń pè é ní sàlẹ́ńsà. Nígbà tí ìpata jẹ ẹ́ lu, ọ̀gá mi ní kí a gé e kúrò, a sì jó páìpù gbọọrọ kan sí ipò rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì yóò máa mí dáadáa, pé agbára rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Mo wa katakata yẹn kí a tó gé sàlẹ́ńsà rẹ̀, mo sì wà á lẹ́yìn náà, pẹ̀lú abẹ ìtúlẹ̀ kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà. N kò rí agbára kankan tí ó fi kún un. Ariwo nìkan ni ó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní àyíká wa, ariwo ni àwọn ènìyàn fi ń mọ ẹ̀rọ tí ó lágbára, àwọn àgbẹ̀ a sì máa yin katakata tí wọ́n bá ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti abúlé kejì.

Ní àsìkò òjò àkọ́kọ́, láti oṣù kẹta, iṣẹ́ ìtúlẹ̀ kì í jẹ́ kí a sinmi. A ó bẹ̀rẹ̀ ní Kétu, a ó kọjá sí Idigny, a ó tún forí lé ọ̀nà Adakplamé, nítorí gbogbo àgbẹ̀ ni ó fẹ́ kí ilẹ̀ òun ṣí kí òjò tó wọlé dáadáa. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, etí mi a dí, ohùn àwọn ènìyàn a máa wá láti ọ̀nà jíjìn, ìró kan a sì máa dún yìn-ìn nínú orí mi. Bí mo bá sùn tí mo sì jí, gbogbo rẹ̀ a ti lọ. Mo gbà pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn, pé ó ń rẹ etí gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń rẹ ẹ̀yìn àti apá, pé oorun sì ń tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń tan ara wa jẹ. Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò lè rí, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tíntìntín wà, nǹkan bí 16,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gba ìró tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Bí ariwo ńlá bá kọlù wọ́n, wọn a tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbàdo ṣe ń tẹ̀ nígbà tí ìjì bá jà: èyí tí ó tẹ̀ lásán lè nàró padà ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹ́ kò ní nàró mọ́, kò sì sí oògùn tí ń hù ú padà lára ènìyàn. Ìtura òwúrọ̀ ni ó ń bo àwọn tí ó ṣẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó kù ṣì pọ̀ tó láti ṣe iṣẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Etí tí ń hó lálẹ́ ti gba ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, bí ó tilẹ̀ dákẹ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìró yìn-ìn náà kò lọ tán mọ́ lówùúrọ̀. Ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó ní mo ń pariwo sọ̀rọ̀ nínú ilé bí ẹni tí ń bínú, òun ni ó sì máa ń wá dín ohùn rédíò kù. Ọmọbìnrin mi kékeré, tí ohùn rẹ̀ tínrín, ni mo máa ń sọ fún jù pé kí ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, títí ó fi sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá, tèmi nìkan ni ẹ kì í fẹ́ gbọ́.” Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, nítorí pé mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni n kò mọ̀. Àwọn ìrẹ̀ tí ń ké káàkiri àgbàlá wa ní alẹ́ òjò náà dákẹ́, mo sì rò pé àwọn ìrẹ̀ ni ó dín kù.

Ibi tí ó ti wá yé mi ni ibi eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan. Ọmọ Kétu mọ̀ pé nínú eré yìí, ẹsẹ̀ oníjó ni ó gbọ́dọ̀ dá ìlù lóhùn: ìlù yóò sọ gbólóhùn, ṣaworo irin tí ó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ oníjó yóò sì tún un sọ, láìlé, láìdín. Mo dúró níwájú. Mo ń gbọ́ ìlù kedere, mo sì mọ ohun tí ó ń wí. Mo rí ẹsẹ̀ tí ń gbọ̀n, mo rí irin náà tí ń kọ mànà nínú iná, àwọn ènìyàn sì ń hó yèè nítorí bí ẹsẹ̀ náà ṣe bá ìlù mu, ṣùgbọ́n ṣaworo kò dún létí mi. Mo yí orí kí etí ọ̀tún lè kọjú sí oníjó, mo sì gbọ́ ìró fẹ́ẹ́rẹ́ kan. Mo yí orí padà kí ti òsì náà kọjú sí i: kò sí nǹkan kan àfi ìlù. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, bákan náà ni ó rí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo kúrò níbẹ̀ kí eré tó parí.

Oríṣiríṣi ìmọ̀ràn ni mo gbà. Àwọn kan ní kí n da àdí gbígbóná sí etí, ẹlòmíràn ní kí n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Òróró gbígbóná a máa jó inú etí, ìyẹ́ sì lè lu awọ ìlù etí. Mo lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Kútọnu. Ó yẹ inú etí wò, kò rí ìdọ̀tí, kò rí ọgbẹ́. Wọ́n wá mú mi wọ yàrá kékeré kan tí ariwo òde kò lè wọ̀, wọ́n fi ohun ìgbọ́rọ̀ bò mí létí, wọ́n sì ní kí n tẹ bọ́tìnì nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ìró, bó ti wù kí ó kéré tó. Láti orí ìró tí ó wúwo, 250 Hz (Hz, ìyẹn hertz, ni a fi ń wọn bí ìró ṣe wúwo tàbí tínrín tó), dé orí èyí tí ó tínrín gan-an, 8,000 Hz, ni wọ́n dán wò, wọ́n sì ya ìlà fún etí kọ̀ọ̀kan sórí ìwé.

Ọmọ Pobè ni dókítà náà, èdè wa ni ó sì fi bá mi sọ̀rọ̀. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, ó wo ìwé náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ẹ ń ṣe, àbí?” Ó fi bírò tọ́ka sí ibi tí ìlà náà ti lọ geere, tí ó wá já wálẹ̀ lójijì ní 4,000 Hz, tí ó sì tún gòkè díẹ̀ ní 8,000. Ó ní kòtò tí ó wà ní agbègbè 4,000 yẹn ni àmì ariwo. Ti ọjọ́ ogbó kì í sábà gòkè padà, ṣe ni ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn ìró bíi s, f, ṣ, k àti t ni ó wà ní apá tínrín yìí, nígbà tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ wà ní apá tí ó wúwo. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbọ́ bí ohùn ènìyàn ṣe ń lọ sókè sódò, tí n kò sì mọ̀ bóyá “sún un” ni ó wí ni tàbí “fún un”. Ìdí kan náà ni ìlù kò fi fi mí sílẹ̀.

Ó tún béèrè èjìká tí mo máa ń gbà wo ẹ̀yìn. Ọ̀tún ni. Ẹni tí ń túlẹ̀ ní láti máa yíjú wo abẹ ìtúlẹ̀. Bí ó bá sì gba èjìká ọ̀tún wò ó, etí òsì ni yóò kọjú sí ẹ́ńjìnnì àti páìpù èéfín fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó ní kì í ṣe èmi nìkan, pé etí òsì ni ó sábà máa ń burú jù lára àwọn awakọ̀ katakata. Láti ìgbà náà, bí mo bá bá awakọ̀ àgbà pàdé, etí òsì rẹ̀ ni mo máa ń sọ̀rọ̀ sí ní ohùn jẹ́jẹ́, ohun tí mo sì ń rí kò dùn mọ́ mi.

Dẹ́síbẹ̀lì, dB, ni a fi ń wọn ariwo. Ọ̀rọ̀ àjọsọ jẹ́ nǹkan bí 60. Ìlànà tí dókítà náà kọ sílẹ̀ fún mi ni pé etí lè gba 85 dB fún wákàtí 8 lójúmọ́, àti pé bí ariwo bá ti fi 3 dB lé sí i, kí a pín àkókò náà sí méjì: 88 jẹ́ wákàtí 4, 91 jẹ́ wákàtí 2, 94 jẹ́ wákàtí 1, 97 jẹ́ ìṣẹ́jú 30, 100 jẹ́ ìṣẹ́jú 15. Katakata tí kò ní ilé lórí, tí ó ń fa abẹ ìtúlẹ̀, a sábà máa wà láàárín 90 sí 100 létí awakọ̀. Nígbà tí mo padà délé, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Kétu níbí gbé fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí mi bí mo ti ń túlẹ̀, ó sì fi nǹkan bí 97 hàn. Fóònù lè ṣìnà, kì í ṣe ẹ̀rọ ìwọn gidi, ṣùgbọ́n ó wúlò láti fi mọ̀ bóyá àtúnṣe kan dín ariwo kù tàbí kò dín in kù. Ẹni tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ lè fi ẹnu wọ̀n ọ́n: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tí ẹ nawọ́ kàn tó gbọ́ yín, ó ṣeé ṣe kí ariwo náà ti kọjá 85. 97 yẹn túmọ̀ sí ìṣẹ́jú 30 fún odidi ọjọ́ kan! Kí n tó parí oko àkọ́kọ́ ni mo ti máa ń lò ó tán.

Etí ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ rò láti dí. Ẹ́ńjìnnì ni mo ní kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé ohun tí ẹ fi dí etí yín kò dáàbò bo ọmọ iṣẹ́ tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Katakata àlòkù tí mo ti rà fúnra mi ni mo ń wà nígbà náà, páìpù tirẹ̀ náà sì ti lu. Sàlẹ́ńsà tí wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì náà ni mo rà; n kò jẹ́ kí àwọn ajórin fi agolo kan ṣáá ṣe é, nítorí pé bí ọ̀nà èéfín bá há jù, èéfín kò ní jáde tó, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa gbóná. Lẹ́yìn tí a dè é tán, ìró kan tí ń ṣe pà-pà-pà ṣì kù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, mo wo ibi tí páìpù ti kúrò lára rẹ̀, mo sì rí èéfín dúdú tí ó ta sára irin ní apá kan: gáskẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ti jó. Gáskẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín yẹn, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ni ó ń da ariwo sí iwájú mi gan-an.

Lẹ́yìn èyí ni a wá kan àwọn irin tí ń gbọ̀n. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, mo mú igi gígùn kan, mo dúró jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì, mo sì ń fi igi náà tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mọ́gáàdì àti àpótí irinṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìró bá ti yí padà nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ó ń gbọ̀n. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo gé túúbù táyà àlòkù sí wẹ́wẹ́, mo tẹ́ ẹ sáàárín irin méjèèjì, mo sì fún nọ́ọ̀tì wọn le. Mo tẹ́ rọ́bà tí ó nípọn sí abẹ́ ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú. Ẹ kíyè sára o: awakọ̀ kan ní ọ̀nà Ṣábẹ̀ kó fóòmù ibùsùn sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ariwo lè dín kù, fóòmù náà mu gáásì, ó kan páìpù gbígbóná, iná sì sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ohun tí iná lè ràn sí ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín, kí ó má sì dí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rádíétọ̀.

Ìyókù wà lọ́wọ́ awakọ̀. Bí iṣẹ́ bá fúyẹ́, bíi kí a fa tirélà tí kò kún, mo ń lo jíà tí ó ga, mo sì ń dín iná kù. Ariwo a rọ̀, gáásì náà a sì pẹ́ díẹ̀ sí i. Ilẹ̀ líle kò gba èyí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kérora tí ó sì ń tu èéfín dúdú, ẹ sọ jíà kalẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó sì ń béèrè ìyípo 540 ní ìṣẹ́jú kan láti ẹ̀yìn katakata, 540 náà ni kí ẹ fún un.

Nígbà tí a tún fóònù gbé wá, ó fi nǹkan bí 91 hàn. Ìyàtọ̀ 6 dB kò jọ nǹkan létí ẹni tí kò mọ ìṣirò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ìṣẹ́jú 30 di wákàtí 2. Síbẹ̀, wákàtí 2 kò tó túlẹ̀ fún àgbẹ̀ méjì. Nítorí náà ni mo fi ń dí etí.

Òwú ni mo kọ́kọ́ lò, kò sì wúlò. Ariwo ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ra èdídí etí oní-fóòmù, mo ń tì í bọ ẹnu ihò etí lásán, ó sì ń jábọ́. Bí a ṣe ń lò ó nìyí: ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi ìka yí i títí yóò fi di tín-ín-rín, ẹ gba orí ẹ̀yìn mú etí pẹ̀lú ọwọ́ kejì, ẹ fà á sókè sẹ́yìn kí ihò lè tọ́, ẹ ti èdídí náà wọlé, ẹ sì fi ìka dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 títí yóò fi wú kún ihò náà. Bí ohùn ara yín bá dún wúwo nínú orí yín, ó ti wọlé dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ọwọ́ tí gáásì wà lára rẹ̀ ni mo fi ń yí i ní ìbẹ̀rẹ̀, etí sì ṣe mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pa iṣẹ́ tì. Ní oko, níbi tí omi kò ti sí, kásìkì etí tí ń bo gbogbo etí ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń móoru, òógùn a máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yá láti fi sí. Kí fìlà má ṣe wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé àyè kékeré tí aṣọ bá dá sílẹ̀ ni ariwo ń gbà wọlé. Lára páálí rẹ̀ ni nọ́ńbà SNR wà. Bí ó ṣe pọ̀ sí i ni ó ń dín ariwo kù sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé gbogbo rẹ̀, nítorí inú yàrá ìdánwò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni ti bíbọ́ ọ. Èdídí tí ó lè dín ariwo kù ní 30 dB, bí ẹ bá bọ́ ọ fún ìṣẹ́jú 30 péré nínú iṣẹ́ wákàtí 8, ààbò gbogbo ọjọ́ náà ti di nǹkan bí 12 dB. Nítorí náà, kí ẹ́ńjìnnì tó dún ni mo ń wọ kásìkì, ó sì ti dákẹ́ kí n tó bọ́ ọ. Bí mo bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ni mo ń pa. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi ti fohùn ṣọ̀kan lórí àmì ọwọ́, kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ katakata àfi bí ojú wa bá pàdé, nítorí pé n kò lè gbọ́ igbe.

Ní oṣù keje àti ìkejọ, tí ẹ̀rọ àgbàdo bá dé, àwọn obìnrin a máa dúró ti ẹnu ẹ̀rọ náà láti àárọ̀, àwọn mìíràn pọn ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn. Ọmọ náà a kọ́kọ́ ké, lẹ́yìn náà yóò sùn, a ó sì sọ pé ariwo ti mọ́ ọn lára. Kò mọ́ ọn lára. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo ti fi ẹ̀bẹ̀ àti àlàyé sọ fún wọn pé kí ìyá àgbà kan máa mú àwọn ọmọ jókòó sí abẹ́ igi tí ó jìnnà. Ní ìta gbangba, bí a bá sọ ìwọ̀n jíjìn di méjì, ariwo a dín kù ní nǹkan bí 6 dB. Mo máa ń dá ẹnu páìpù èéfín kọ ibi tí kò sí ènìyàn, n kò sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá jẹ́ kí n fún àwọn obìnrin náà ní èdídí etí.

Dókítà tún kìlọ̀ fún mi nípa oògùn. Kiníìnì a máa jẹ́ kí etí hó, abẹ́rẹ́ gentamicin sì lè ba etí jẹ́ fúnra rẹ̀, pàápàá etí tí ariwo ti ń dá lóró. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí pa ìtọ́jú tì, ṣùgbọ́n kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni òun ń ṣe kí wọ́n tó yan oògùn.

Ohun tí mo ti pàdánù kò padà. Ìró yìn-ìn náà wà pẹ̀lú mi bí mo ti ń kọ èyí. Lálẹ́, mo máa ń jẹ́ kí rédíò máa sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí n lè sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún lọ ṣe àyẹ̀wò, ìlà náà kò sọ̀kalẹ̀ ju ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá wá sọ́dọ̀ mi báyìí, àyẹ̀wò etí ni mo ń kọ́kọ́ rán an lọ ṣe kí ó tó fọwọ́ kan jíà, kí a lè mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ ṣe é, kí ó yàgò fún ariwo ẹ̀rọ fún wákàtí 14 ó kéré tán ṣáájú àkókò náà, nítorí pé etí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé yóò fi ìlà tí ó burú ju ti òtítọ́ lọ hàn. Kí ó sì gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, kí ó tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìwé katakata, kí wọ́n lè fi í wé èyí tí yóò ṣe ní ọdún tí ń bọ̀.